Bíbélì Yorùbá mẹ́ta: èwo ló yẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀?

Ẹni tó ń retí owó oṣù tí kò wọlé, tàbí tó ń ṣọ́ aláìsàn ní ọsibítù UNIOSUN nílùú Òṣogbo, kò lágbára àtimáa wá ẹsẹ kiri. Ohun tí a fi wọn àwọn Bíbélì wọ̀nyí kò ju ìyẹn lọ: èwo ló ṣeé kà nígbà tí orí bá ti gbóná?

Ti Àjàyí Crowther làgbà. Odindi rẹ̀ jáde ní 1884. (Òṣogùn ni wọ́n ti bí Bíṣọ́ọ̀bù náà o, kì í ṣe Òṣogbo wa yìí.) Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ Orín Dáfídì 23 nínú rẹ̀ létí ìyá àgbà, ìyá á bá yín parí rẹ̀ láìwo ìwé, bí ó tilẹ̀ wà lórí àìsàn. Ṣùgbọ́n “li” àti “yio” rẹ̀ máa ń dá ọ̀dọ́ dúró lójú ọ̀nà, àmì ohùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fún irú wọn, ẹ mú ìtumọ̀ tuntun ti Bible Society of Nigeria, èyí tí wọ́n kọ YCE sí lára lórí fóònù. Yorùbá tí à ń sọ nílé ló wà níbẹ̀. Ti Biblica, Bíbélì Mímọ́ ní Èdè Yorùbá Òde-Òní, ṣeé fi wé e bí ẹsẹ kan bá rú yín lójú.

Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí áàpù YouVersion. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan ìtumọ̀, ẹ yí èdè sí Yoruba, kí ẹ wa èyí tí ẹ fẹ́ sórí fóònù nígbà tí dátà ṣì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ lè ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa kí ẹ máa kà á lọ. Àléébù áàpù yìí pọ̀ níbí: fóònù tó gbé Orín Dáfídì náà ló ń gbé ìpè olówó-èlé àti WhatsApp ẹbí. Bí ẹ kò bá pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹsẹ kẹta lẹ ó dé tí ìròyìn burúkú á fi já lu yín. Tí iná bá sì lọ lálẹ́ tí bátìrì kú, ó parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé kí tìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Orín Dáfídì 119. Ẹsẹ 176 ló ní. Ẹsẹ 6 péré ni 13, ẹni tó ń bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó ló wà níbẹ̀. 121 àti 130 jẹ́ ẹsẹ 8 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíkà sókè ló dára jù, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Àwọn kan a máa fi 35 àti 109 gbàdúrà ọ̀tá láago méjìlá òru. Fún ẹni tí ìdààmú ti bá, a ò fara mọ́ ọn: ṣe ni á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aládùúgbò, oorun tó kù lójú rẹ̀ á sì dá.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ńkọ́? Ẹ ka 1 Ọba 19. Èlíjà ní kí òun kú. Ó sùn, áńgẹ́lì sì jí i pé kó jẹun, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ó jẹun kó tó rìn dé Hórébù. Nínú 2 Ọba 20, Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn fún Hesekáyà, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Nítorí náà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nítorí àdúrà.

Bí ẹ bá ń ra tìwé, ẹ ṣí Orín Dáfídì wò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé ojú ìwé kankan kò fò. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òwú ni wọ́n fi rán an tàbí gúlúù lásán, nítorí pé ibi tí ẹ bá ń ṣí jù ló máa kọ́kọ́ já. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó fún iná tọ́ọ̀ṣì.