Mánúà àbí Ọtomátíìkì? Golf R àti MX-5 Lọ́wọ́ Mi

Volkswagen Golf R tó ní jíà ọtomátíìkì ni mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n. Mazda MX-5 oní-mánúà ni mo fi ń ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ojúgbà mi tó fẹ́ ra ọkọ̀ eré kì í yé bi mí pé jíà wo ni káwọn mú. Èmi náà á bi wọ́n padà: irú ẹ́ńjìnnì wo ló wà nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà?

Ẹ wo Golf R ná. Èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2017 ni tèmi: ẹ́ńjìnnì lítà 2 pẹ̀lú tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i), agbára ẹṣin 310. Volkswagen fúnra wọn sọ pé mánúà rẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú àáyá 5.1 dé kìlómítà 100 ní wákàtí. Ti DSG, ìyẹn ọtomátíìkì wọn, 4.6 ni. Kì í ṣe idán. Kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń bójú tó jíà 1, 3, 5 àti 7, èkejì mú 2, 4 àti 6. Bẹ́ ẹ bá ń fi jíà kẹta sáré, ìkẹrin ti wọlé dè yín. Kí ọ̀kan jù ú sílẹ̀ kí èkejì gbà á ló kù. Ẹsẹ̀ ta ló lè yára tó bẹ́ẹ̀? Tọ́bò náà ń fa ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ débi pé téèyàn ò bá tiẹ̀ yí jíà, ó ṣì ń lọ. Iṣẹ́ wo ló wá kù fún ọwọ́? Mo ti wa mánúà Golf R rí. Ó dáa, àmọ́ ọkàn mi ò fà sí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ká má tíì sọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà North Circular ní Lọ́ńdọ̀n, níbi tí orúnkún òsì tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì mánúà ti máa ń bú olówó ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra DSG àlòkù, ẹ ní kí wọ́n fi rìsíìtì hàn yín pé wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì jíà rẹ̀.

MX-5 ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọkọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ẹ́ńjìnnì lítà 2, kò sí tọ́bò. Láti 2018, agbára ẹṣin 184 ló ní, ṣùgbọ́n òkè téńté, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí lẹ́ẹ̀mejè lọ́nà ẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú kan, ló tọ́jú u sí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó lọ bá a níbẹ̀. Lójú ọ̀nà A4069 tó gba orí Black Mountain kọjá ní Wales, ẹ ó di jíà kejì mú títí abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì á fi súnmọ́ 7,500, ẹ ó wá fi ọrùn ọwọ́ lásán ti ìkẹta wọlé. Tí kọ́nà bá dé, orí ẹsẹ̀ á wà lórí bíréèkì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ta tọ́rọ́tù, ibi tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, díẹ̀ kí ọkọ̀ má baà ta gìrì nígbà tí jíà bá ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ti wa ọtomátíìkì rẹ̀ náà. Ọkọ̀ kan náà ni, àmọ́ kò sí ohun tí mò ń ṣe nínú rẹ̀.

Porsche pàápàá rí i bẹ́ẹ̀. Ní 2013, PDK, ìyẹn ọtomátíìkì tiwọn, nìkan ni wọ́n fi sínú 911 GT3, ọkọ̀ eré wọn tí kò ní tọ́bò, torí ó yá jù. Àwọn oníbàárà kùn títí, nígbà tó di 2017, mánúà padà dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, oṣù 12 péré lẹ fi lè lo láísẹ́ǹsì ilé ní Britain. Tó bá wá jẹ́ ọtomátíìkì lẹ fi ṣe ìdánwò awakọ̀ ti Britain, òfin ò gbà yín láyè láti wa mánúà.

Golf R Mk8, ìyẹn ìran kẹjọ Golf, kò ní mánúà rárá níbí. Ẹni tó bá ṣì takú pé tọ́bò àti mánúà lòun fẹ́, kó wá Honda Civic Type R àlòkù. Honda ò ta a ní ọtomátíìkì rí, ó sì jẹ́ ìkan ṣoṣo tó ń mú mi ṣiyèméjì nípa gbogbo ohun tí mo sọ nípa Golf lókè yìí.