Gukseondo ní Seoul: oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ikùn mí

Oorun ni mo bá lọ síbẹ̀ o, kì í ṣe pé mò ń wá agbára kankan. Másítà ni mò ń ṣe ní Seoul, mo ti jókòó ti láptọ́ọ̀pù títí ẹ̀yìn mi fi gan bíi pákó, aago mẹ́ta òru á lù ojú mi á ṣì là gbàgà. Ìyá onílé mi, ajumma (bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó ti dàgbà ní Korea) tó ti lé lọ́gọ́ta, ló wò mí lọ́jọ́ kan tó ní àyà lásán ni mo fi ń mí, ló bá wọ́ mi lọ síbi tó ti ń ṣe Gukseondo, iṣẹ́ mímí àti nínà ara ti àwọn ará Korea. 120,000 won lóṣù, owó aṣọ funfun wọn lọ́tọ̀. Mo ní kí n fi oṣù kan dán an wò ná, ó di mẹ́ta.

Kíláàsì kan tó bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ na gbogbo oríkèé ara, ìyẹn nìkan fojú mi rí màbo, ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ká ara ẹ̀ bí ẹni ń ká ẹní, èmi ò lè fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mímí gan-an, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú: ẹ dùbúlẹ̀, ẹ dìde jókòó, ohùn kan á máa kọrin látinú rẹ́kọ́dù, ẹ fa èémí wọlé fún sẹ́kọ́ǹdù 5, ẹ tú u síta fún 5, imú ni gbogbo ẹ̀, ọkàn yín á wà ní danjeon, nísàlẹ̀ ìdodo. Junggi danbeop ni wọ́n ń pe ìpele àkọ́kọ́ yẹn, mi ò kúrò níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe ni mo ń han oorun láàárín àwọn àgbààgbà, ojú tì mí.

Danjeon yìí ló dùn mọ́ mi jù. "Jeon" oko ni, "dan" ni òkúta pupa tí àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ ń fi se oògùn àìkú, bẹ́ẹ̀ mákúrì ló wà nínú ẹ̀, ọba mélòó kan mu ún wọ́n bá a lọ. Nígbà tó yá àwọn kan ní kí wọ́n kúkú máa se oògùn náà nínú ikùn ara wọn, èémí á jẹ́ iná. Oko oògùn. Ẹni tó rò ó gbọ́n.

Sabeomnim wa, ìyẹn olùkọ́ wa, ní iṣẹ́ yìí ti pé 9,700 ọdún, pé orí òkè ni wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ má bínú, ìyẹn ò wọ̀ mí létí. Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Cheongsan ló gbé e wọ ìgboro Seoul ní nǹkan bí ọdún 1970. Àmọ́ gbòǹgbò wà lóòótọ́: Heo Jun, oníṣègùn ọba, parí ìwé Dongui Bogam ní 1610, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1613, ọ̀rọ̀ jeong (ògidì ara), gi (èémí tàbí agbára inú ara) àti sin (ẹ̀mí) ló sì fi ṣíwájú kó tó kan àìsàn. Yi Hwang, ọ̀mọ̀wé àtijọ́ tí àwòrán ẹ̀ wà lórí owó 1,000 won náà fọwọ́ ara ẹ̀ da ìwé ìtọ́jú ara kọ. Ṣé ìyẹn ò tó wọn ni?

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ṣáájú aago méjìlá, ẹ̀yìn mi rọ̀, nínà yẹn ni mo kan sáárá sí. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń gbóná, wọ́n ní gi ni, èmi ní ẹni tó bá sùn gbalaja sórí ilẹ̀ gbígbóná fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ló fẹ́ kó má gbóná. Ọlísà mi, ọgbẹ́ inú, ò gbọ́ o, oògùn ni mò ń lò sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ṣe ohun tó jọ ọ́ sha. Ibì kan tí mo kọ́kọ́ yà, àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fà mí wọlé, wọ́n tẹ inú mi, wọ́n ní gi mi ti dí pátápátá, àfi kí n san 2,000,000 won. Bàtà mi ni mo wá.

Mo ti dáwọ́ kíláàsì dúró báyìí nítorí tísíìsì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń fi ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì. Ajumma ò gbà, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn mi.