Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni Tí Ó Ń Ta Jẹ́ẹ̀tì Orí Ọ̀dà fún Àwa Tí A Ń Lo Pápá Koríko

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi rìmóòtù wa bàlúù kékeré ní Ìlú Ọba, pàápàá ẹ̀yin tí bàlúù oníbátìrì ti mọ́ lára, tí ọkàn yín sì ti ń fà sí jẹ́ẹ̀tì onítọ́báìnì (tọ́báìnì ni ẹ́ńjìnì jẹ́ẹ̀tì kékeré tí ń lo kẹrosíìnì), mo bẹ̀ yín kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tí ó ń ta àlòkù jẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì ti rẹ́ ju ẹnì kan lọ jẹ nínú ẹgbẹ́ wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́dọ̀ bánkì, orúkọ tí ó sì ń lò kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ lè dá a mọ̀ lábẹ́ orúkọ yòówù tí ó bá tún gbé wá.

Kì í ṣe irú oníjìbìtì tí ó ń gba owó tí ó sì ń pòórá. Ó máa ń fi ọjà ránṣẹ́. Bàlúù náà yóò dé nínú páálí ńlá, tọ́báìnì yóò sì wà nínú rẹ̀. Ibi tí àrékérekè rẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni òfin ti pàṣẹ ní ilẹ̀ yìí pé kí bánkì dá owó padà fún ẹni tí oníjìbìtì bá tàn láti fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn, títí dé £85,000. Ṣùgbọ́n òfin náà kò kan àríyànjiyàn láàárín olùrà àti olùtajà lórí ọjà tí kò dára tó bí wọ́n ṣe sọ. Bí ọjà bá ti dé ọwọ́ ẹni, ohun tí bánkì máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹ lọ yanjú rẹ̀ láàárín ara yín. Ọkùnrin yìí mọ èyí, ó sì gbé gbogbo òwò rẹ̀ kà á.

Ìpolówó rẹ̀ kì í yàtọ̀ síra púpọ̀. Yóò ní òun ti dàgbà, pé ojú òun kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé òun ń kó àwọn bàlúù òun kúrò nílẹ̀, àti pé ìdí tí owó wọn fi mọ níwọ̀n ni pé òun fẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ jàǹfààní. Ẹ wo àwòrán ibẹ̀ dáadáa. Nígbà tí a to mélòó kan nínú àwọn ìpolówó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí orúkọ olùtajà wọn kò sì dọ́gba, tábìlì iṣẹ́ kan náà ni gbogbo bàlúù wọn dúró lé: tábìlì aláwọ̀ ewé tí igun rẹ̀ kan ti jó, tí fèrèsé kan tí wọ́n fi téèpù dì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Oníṣòwò ni ọkùnrin náà. Ńṣe ni ó ń díbọ́n bí ẹni tí ń ta ẹrù ara rẹ̀. Bí ènìyàn bá ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò, òfin ẹ̀tọ́ olùrà ti ọdún 2015 fún un ní 30 ọjọ́ láti dá ọjà tí ó ní àbùkù padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá rà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò kò ní ẹ̀tọ́ yẹn, àfi kí ó fi hàn pé ọjà kò bá àpèjúwe tí wọ́n ṣe fún un mu. Nítorí náà, ohun tí olùtajà bá sọ fún yín lórí tẹlifóònù, ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Irọ́ àkọ́kọ́ ni ti koríko. Pápá koríko ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ń lò, àwọn tí wọ́n ní ọ̀nà gbéra tí a fi ọ̀dà tẹ́ kò tó nǹkan, nítorí náà ìbéèrè tí gbogbo ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ máa ń bèèrè ni pé ṣé bàlúù yìí lè gbéra lórí koríko. Yóò dáhùn pé ó lè ṣe é dáadáa, yóò sì fi fídíò ránṣẹ́. Nínú èyí tí ó fi ránṣẹ́ sí arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, bàlúù náà ti wà lókè kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá lórí pápá tútù kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n gé fídíò, a sì tún rí bàlúù náà tí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú koríko. A kò rí ibi tí ó ti gbéra, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí ibi tí ó ti balẹ̀.

Nígbà tí bàlúù náà dé, arákùnrin náà gbé e wá sọ́dọ̀ mi kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Táyà ńlá tí a rí nínú àwòrán, tí gíga rẹ̀ tó mìlímítà 90, wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Mo dojú bàlúù náà dé lórí tìmùtìmù, mo sì ní kí ó tẹ bọ́tìnì tí ń ká ẹsẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ kò ká. Okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dè é mọ́ ojú kan, nítorí pé ihò tí ó yẹ kí táyà wọ̀ lábẹ́ apá kò gbà ju táyà mìlímítà 65 lọ. Mo fi àtàǹpàkò tẹ pátákó tí ẹsẹ̀ òsì dúró lé, ó sì mì. Pátákó náà ti là tẹ́lẹ̀. Gọ́ọ̀mù tuntun tí ó ṣì ń dán ni wọ́n dà sójú ibẹ̀, wọ́n sì lẹ bébà aláwọ̀ fàdákà mọ́ ọn kí ojú má baà tó o. Bàlúù orí ọ̀dà ni, tí ẹnì kan ti gbìyànjú rẹ̀ lórí koríko, tí ó sì ti fọ́ lẹ́sẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì fò jẹ́ẹ̀tì rí lè rò pé táyà ńlá nìkan ni ìyàtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Koríko ń fa táyà sẹ́yìn, nítorí náà bàlúù yóò sáré jìnnà kí ó tó gbéra, yóò sì nílò agbára tọ́báìnì ju èyí tí ó tó lórí ọ̀dà lọ, pàápàá bí òjò bá ti rọ̀ tàbí tí wọn kò tíì gé koríko náà. Gbogbo gègéle tí táyà bá gbá ń ti ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ipá náà sì ń bọ́ sára pátákó tí ẹsẹ̀ so mọ́. Ẹsẹ̀ iwájú ni ó sì máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì tí a ṣe fún koríko ní táyà tí ó ga tí ó sì fẹ̀, ihò rẹ̀ sì gba táyà náà tinútinú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní oríkèé tí ó ń ká sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ewúrẹ́ tí ó sì ní sípíríǹgì nínú. Apá rẹ̀ tóbi tó láti gbé e nígbà tí eré rẹ̀ kò tíì pọ̀.

Ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí tọ́báìnì tún ṣe pàtàkì. Ti F-16, bàlúù ogun Amẹ́ríkà, wà lábẹ́ ikùn, lẹ́bàá ilẹ̀, nítorí náà gbogbo gégé koríko àti òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà iwájú bá ta sókè ni ó lè fà sínú. Ti L-39 Albatros, bàlúù ìkọ́ṣẹ́ ológun tí wọ́n ṣe ní Czechoslovakia tí ó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1968, wà lókè èjìká, bàlúù gidi náà sì lè lo pápá koríko. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ẹ̀dà kékeré rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lágbára kì í dà wá láàmú. Fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀, èmi kò rí irú tí ó dára ju èyí tí tọ́báìnì rẹ̀ wà ní gbangba lórí ẹ̀yìn lọ, bíi ti Boomerang, irú jẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Kò jọ bàlúù ológun, ṣùgbọ́n ó ń gbéra, ó sì ń balẹ̀ láìfọ́. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé F-16 ni ojú olùrà máa ń wọ̀, yóò sì ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé àwọ̀n wà lẹ́nu tọ́báìnì. Àwọ̀n lè dá òkúta dúró. Kò lè dá iyanrìn kúná dúró.

Irọ́ kejì ni ó léwu jù, òun ni ti wákàtí tọ́báìnì. Tọ́báìnì wọ̀nyí ń yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tí ń jáde nídìí wọn sì máa ń gbóná ju 500°C lọ. Bẹ́ríǹ méjì péré ni ó gbé ọ̀pá àárín wọn dúró, kẹrosíìnì tí a po òróró díẹ̀ mọ́ sì ni ó ń fún wọn ní òróró. Wákàtí 25 ni ó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìtọ́ni àwọn ilé-iṣẹ́ pé kí a fi dá tọ́báìnì padà fún àyẹ̀wò. Kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń pè ní ECU ni ó ń ka wákàtí náà, tí ó sì ń ṣírò iye ìgbà tí a ti tan án. Ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe ni pé yóò yọ ECU tí ó ti bá tọ́báìnì ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò fi tuntun sí i, tuntun náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Yóò wá ya àwòrán ojú rẹ̀ tí ó fi wákàtí méjì àti díẹ̀ hàn, ẹni tí ń rà á yóò sì rò pé òun rí ẹ̀rí.

Tọ́báìnì náà fúnra rẹ̀ kì í purọ́ fún ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wo etí abẹ́ tí ń fa afẹ́fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó ṣiṣẹ́ wákàtí méjì kò gbọdọ̀ ní etí tí ó já wẹ́wẹ́. Ẹ fi ìka mímọ́ yí i nígbà tí ó tutù, kí ẹ sì gbé etí sún mọ́ ọn. Ó yẹ kí ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó sì dúró díẹ̀díẹ̀. Ti arákùnrin wa ń ha bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ó sì dúró lójijì. A kọ nọ́ńbà tí ó wà lára tọ́báìnì àti èyí tí ó wà lára ECU ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tún irú rẹ̀ ṣe. Wọ́n dáhùn pé nọ́ńbà méjèèjì kò jáde pọ̀, àti pé tọ́báìnì náà ti wọlé sọ́dọ̀ wọn fún àyẹ̀wò rí, ìyẹn ni pé wákàtí rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sínú ìpolówó lọ fíìfíì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni èyí. Bẹ́ríǹ tí ó bá jẹ lókè lè mú kí tọ́báìnì dákẹ́ lójijì, kí bàlúù tí ó wúwo tó kílò mẹ́wàá, tí kẹrosíìnì ṣì wà nínú rẹ̀, já lulẹ̀ sínú oko àlìkámà tí ó ti gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ ẹni lè wà nítòsí. Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn rárá sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ ohùn tọ́báìnì tí ó dá ṣáṣá yàtọ̀ sí ti èyí tí ń kú lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ sísan owó, yóò ní kí ẹ lo PayPal ní ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rẹ́ àti ẹbí, kí owó tí PayPal ń yọ má baà dun ẹnikẹ́ni. Ẹ má gbà, nítorí ọ̀nà yẹn kò ní ààbò kankan fún olùrà. Tọ́báìnì tuntun nìkan kò jìnnà sí £2,000. Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ rà á tuntun lọ́wọ́ ilé ìtajà tí ó ní àdírẹ́sì, kí ẹ sì fi káàdì ìyáwó san án. Òfin ọdún 1974 lórí ìyáwó mú kí báǹkì tí ó ni káàdì náà bá olùtajà pín ẹ̀bi fún ọjà kọ̀ọ̀kan tí iye rẹ̀ bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ máa rà, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì mú ẹnì kan tí ó ti ń fò jẹ́ẹ̀tì dání. Ẹ ní kí ó tan tọ́báìnì lójú yín, kí ó gbé e dé òpin agbára rẹ̀, kí ẹ sì fi iye yíyí àti ooru tí ECU bá kọ wé ti inú ìwé ìtọ́ni. Ẹ ní kí ó ká ẹsẹ̀ sókè kí ó sì tún nà án, kí ẹ rí i pé táyà wọ ihò rẹ̀. Ẹ bèèrè fún fídíò kan tí wọn kò gé, láti ìgbà tí bàlúù dúró lórí koríko títí di ìgbà tí táyà fi kúrò nílẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni wá: lónìí aládùúgbò ni kò fẹ́ ariwo, lọ́la àgbá epo ti gbẹ, lọ́tùn-únla ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá gbé e, àfi kí ẹ yára fi owó ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ má tan tọ́báìnì náà. Ẹ ya àwòrán ẹsẹ̀, pátákó abẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà méjèèjì, kí ẹ sì tọ́jú ìpolówó náà kí ó tó yọ ọ́ kúrò. Ẹ kọ̀wé sí olùtajà kí 30 ọjọ́ tó pé pé ẹ kò gba ọjà náà, bí ó tilẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò. Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí bánkì, ẹ so àwòrán tábìlì aláwọ̀ ewé náà mọ́ ọn láti inú gbogbo ìpolówó tí ẹ bá rí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fi kún èyí tí àwa ti kó jọ fún bánkì tiwa.