Tírélà kékeré tòkunbọ̀ fún ọ̀nà oko Ìjẹ̀bú: ohun tí ẹ ń rà gan-an, àti ohun tí ẹ máa yí padà

Kì í ṣe tírélà tó ń gbé kọ̀ntánà kọjá ní Ṣàgámù là ń sọ o. Èyí kékeré ni, onítáyà méjì, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú, 8 ní gígùn, tí wọ́n ń kó wọlé láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọkọ̀ tòkunbọ̀, tí Hilux sì lè fà. Ẹ̀rọ ìgékoríko àti ẹrù ilé ni àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn, lórí títì tó tẹ́jú. Bí ẹ bá gbé e bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀nà abúlé kòkó lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó lásìkò òjò, ikùn rẹ̀ ni yóò máa wọ́ lórí ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tún un ṣe dáadáa, mi ò rí ohun tó sàn jù ú lọ fún olóko tó ti ní Hilux tí kò sì fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn. Ásùlù (irin ìdábùú tó gbé táyà méjèèjì) àti họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́ lórí ásùlù) ni kí ẹ sanwó fún. Ìyókù, wẹ́dà tó mọṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde lè ṣe é.

Ẹ má fi ọ̀dà tuntun mọ tírélà. Ẹni tó bá fọ́n ọ̀dà dúdú sí i láti òkè délẹ̀ ní ohun tó ń bò. Ní àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì lásìkò yìnyín, iyọ̀ yẹn a sì máa jẹ irin láti inú wá, pàápàá inú páìpù onígun mẹ́rin tí omi ti ń dúró. Ẹ mú òòlù kékeré dání, kí ẹ máa fi gbá abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin tó ṣì le a dún gangan. Èyí tó ti jẹrà kì í dún, ìpẹtà ni yóò máa já bọ́ lára rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọrùn tírélà ti pàdé irin ìdábùú iwájú, torí ibẹ̀ ló ń là jù. Ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ ìpẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wẹ́dì kì í ṣe ìdọ̀tí: irin ti là nìyẹn.

Ẹ wá àwo kékeré tí wọ́n kọ GVWR sí, ìyẹn ìwọ̀n tí tírélà kò gbọdọ̀ kọjá. 2,990 lb ni ẹ máa bá lára ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn nǹkan bí kílò 1,356, tírélà àti ẹrù pọ̀. Kì í ṣe pé agbára ásùlù mọ síbẹ̀. Ti 3,500 lb ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ní kí tírélà tó bá ti kọjá 3,000 lb ní bíréèkì, ni àwọn tó ń ṣe é bá fi díẹ̀ sílẹ̀ kó má baà débẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí 2,990, ẹ ti mọ̀ pé kò ní bíréèkì.

Ẹ fi jáàkì gbé táyà kọ̀ọ̀kan sókè. Ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ mì í, lẹ́yìn náà kí ẹ yí i. Bí ó bá ń mì gọ̀gọ̀ tàbí tó ń hán bíi yanrìn, bẹ́rìn ti lọ. Ìyẹn nìkan kò burú, bẹ́rìn kò wọ́n; ohun tó burú ni bí bẹ́rìn bá ti jẹ orí ásùlù tó jókòó lé. Ẹ ní kí wọ́n tú họ́ọ̀bù. Òǹtajà tó bá kọ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n tẹ lẹ́tà DOT sí: 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2017. Èyí tó bá ti ju ọdún 6 lọ, ẹ kà á sí pé tírélà kò ní táyà, kí ẹ sì fi dúnàádúrà. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí ẹnu tírélà tó ń gbá bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn ọkọ̀ mú pẹ̀lú, bóyá 2 inṣi ni tàbí 1-7/8. Ẹnu 1-7/8 kò ní gba bọ́ọ̀lù 50 mm tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ Hilux. Èyí tó léwu ni kí bọ́ọ̀lù kéré ju ẹnu lọ, torí yóò dúró jẹ́ẹ́ títí ẹ ó fi wọ kòtò àkọ́kọ́, yóò sì fò jáde. Ẹ má gbàgbé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Nínú àtúnṣe, gbígbé sípíríǹgì gorí ásùlù ló tóbi jù. Abẹ́ ásùlù ni sípíríǹgì wà nígbà tí ẹ rà á. Bí ó bá bọ́ sókè, tírélà yóò ga sí i ní nǹkan bí inṣi 4. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n á kàn dojú ásùlù dé kí ìjókòó sípíríǹgì lè kọjú sókè. Ẹ má gbà! Ásùlù náà tẹ̀ díẹ̀, àárín rẹ̀ ga ju etí lọ, kó lè tọ́ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, ẹrù yóò tún tẹ̀ ẹ́ sí i, etí inú táyà méjèèjì ni yóò sì máa jẹ. Ìjókòó tuntun ni kí wọ́n jó mọ́ òkè ásùlù, kí ásùlù fúnra rẹ̀ sì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Kí wọ́n tó tan iná, ẹ tú họ́ọ̀bù kúrò, kí ẹ sì rí i pé okùn áàtì wẹ́dìn so mọ́ ásùlù fúnra rẹ̀, nítòsí ibi tí wọ́n ń jó. Bí họ́ọ̀bù bá wà níbẹ̀ tí iná sì gba inú rẹ̀ kọjá, yóò sun ojú bẹ́rìn. Ẹ lo ọ̀pá wẹ́dìn 7018 tó gbẹ. Èyí tó ti gba ọ̀rinrin yóò fi ihò sínú wẹ́dì. Kí wọ́n tó jó o pa, ẹ fi téèpù wọn láti ẹnu tírélà dé etí ásùlù lọ́tùn-ún àti lósì. Ìyàtọ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 3 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni tírélà yóò máa rìn sí. Yúbóòtù tuntun, ìyẹn irin tó de sípíríǹgì mọ́ ásùlù, ni kí ẹ rà, èyí tó ti nà kì í di irin mú mọ́.

Ó kan táyà. Mo fara mọ́ kí ti tírélà àti ti Hilux jẹ́ ọ̀kan náà, kí sípíà kan lè tó fún méjèèjì. Bóòtù 5 ló sábà máa ń wà lára tírélà, nígbà tí Hilux jẹ́ bóòtù 6, ìwọ̀n 139.7 mm. Họ́ọ̀bù bóòtù 6 wà fún ásùlù 3,500 lb yìí, ó sì bá ríìmù Hilux mu. Táyà 265/65R17 ga ní mìlímítà 776. 205/75R15 tí ẹ bá lára tírélà kò ju 689 lọ. Ìyẹn fi inṣi kan àti àbọ̀ ó lé díẹ̀ kún gíga rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o, ríìmù Hilux máa ń wọnú ju ti tírélà lọ ní nǹkan bí mìlímítà 30, nítorí náà ẹ wọn àyè tó wà láàárín táyà àti sípíríǹgì kí ẹ tó sanwó. Mọ́dígáàdì náà ní láti gòkè. Nọ́ọ̀tì tírélà kì í ṣe ti Hilux, ìlà tó yí inú rẹ̀ ká yàtọ̀. Ẹ gbé e sínú àpò tirẹ̀ pẹ̀lú sípánà rẹ̀.

Gíga yìí tún ní gbèsè tirẹ̀: ẹnu tírélà ti ròkè, bọ́ọ̀lù Hilux gbọ́dọ̀ ròkè tẹ̀ lé e, kí tírélà lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí orí rẹ̀ bá ń wòkè, ìdí rẹ̀ ni yóò máa gbá ilẹ̀ ní ibi gegele.

Iná rẹ̀ kò bá ọkọ̀ wa mu. Gílóòbù kan náà ni Amẹ́ríkà fi ń ṣe bíréèkì àti tíráfíkétọ̀, ti Hilux sì yàtọ̀ síra. Ó rọrùn jù kí ẹ tú gbogbo wáyà dànù, kí rẹwáyà fi pulọ́ọ̀gì oníhò 7 sí i: yẹ́lò fún òsì, gíríìnì fún ọ̀tún, pupa fún bíréèkì, búráùn àti dúdú fún iná ẹ̀yìn, funfun fún áàtì. Kí wáyà funfun padà dé ara Hilux. Bí bọ́ọ̀lù bá ni áàtì ń gbà kọjá, ẹrẹ̀ àti gíríìsì yóò máa dí i lọ́nà, iná yóò sì máa ṣẹ́jú.

Ilẹ̀ rẹ̀ kò ní wàhálà: pákó ìrókò inṣi kan, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ kí omi lè ṣàn.

Nípa ẹrù, ásùlù lè gbà ju bí Hilux ṣe lè dá a dúró lọ. Ní Yúróòpù, kílò 750 ni òfin fi lélẹ̀ fún tírélà tí kò ní bíréèkì, ẹrù àti ara rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ ni èmi náà yóò dúró lórí òkè tó ń yọ̀. Bí tírélà bá wọn 350, àpò kòkó 6 ni yóò kù fún yín, kì í ṣe 16 tí àwo GVWR ì bá gbà. Ẹ kó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ẹrù síwájú ásùlù, kí ìwọ̀n 10 sí 15 nínú 100 lè tẹ bọ́ọ̀lù. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, tírélà yóò máa fì sọ́tùn-ún fì sósì ní kété tí ẹ bá dé títì Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ tí ẹ sáré. Ṣéènì ààbò méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjá ara wọn lábẹ́ ọrùn, kí wọ́n lè gbá a mú bí ẹnu bá já.

Lẹ́yìn kìlómítà 16, 40 àti 80 àkọ́kọ́, ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà mú, kí ẹ sì wo yúbóòtù pẹ̀lú.

Bẹ́rìn ló sì máa kọ́kọ́ dá yín dúró lọ́nà. Họ́ọ̀bù a gbóná lójú títì. Bí ẹ bá tààrà wọ odò kékeré, omi tútù yóò mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ súnkì, yóò sì fa omi wọlé gba ẹnu síìlì, ìyẹn rọ́bà tó dí ẹ̀yìn họ́ọ̀bù. Ẹ dúró kó tutù kí ẹ tó wọ odò. Bí gíríìsì bá ti funfun bí wàrà, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Fún ásùlù 3,500 lb, bẹ́rìn L68149 ló sábà máa ń wà nínú, L44649 lóde. Ẹ ka nọ́ńbà ara ti yín kí ẹ tó lọ sí Ládípọ̀. Bí ẹ bá ń dì í padà, ẹ máa yí họ́ọ̀bù bí ẹ ti ń mú nọ́ọ̀tì le, ẹ dẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá fi ìka nìkan mú un, kí ẹ ki pín-ìnì bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tó ń lọ jìnnà sínú igbó bíi J4, ẹ má gbé bẹ́rìn lásán dání. Odidi họ́ọ̀bù tí ẹ ti ki bẹ́rìn, síìlì àti gíríìsì sí ni kí ẹ dì sínú ọ̀rá, pẹ̀lú pín-ìnì méjì: pípààrọ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kò gba ju sípánà àti jáàkì lọ.