AC 2HP tí wọ́n tà fún mi l'Ádó

Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ ra AC nínú ooru yìí, ẹ dákun ẹ ka eléyìí kẹ́ẹ tó sanwó. Ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó Èkìtì níbí ni mo ti ra tèmi, mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Yàrá mi ò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 lọ, èmi àti ìyàwó nìkan là ń sùn ńbẹ̀. Ọmọ tó ń tajà ò bi mí ní nǹkankan, ó kàn ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé 2HP, ẹ gbàgbé ooru." Kò kúkú parọ́, kí n tó bọ́ṣọ yàrá ti tutù bíi Ẹ̀fọ̀n Aláayè lásìkò ọyẹ́, àmọ́ bó bá ti tutù báyìí á kú, tó bá ṣe díẹ̀ á tún ta gìrì, iná ilé á ṣẹ́jú, á tún kú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí mọ́jú. Yàrá tutù o, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ń rin gbindin, ìyàwó mi ní ṣé mo da omi sí i ni. Jẹnẹrétọ̀ mi ńkọ́? Ó gbin lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Baba kan tó ń ṣe fíríìjì ló là mí lójú. Kò tíì fọwọ́ kan AC tó ti yọ téèpù, ó wọn yàrá, ó wòkè bóyá àjà wà, ó béèrè bóyá oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé àti iye èèyàn tó ń sùn. Ó ní 1HP, nǹkan bíi BTU 9,000 (BTU ni wọ́n fi ń wọn agbára tí AC fi ń mú yàrá tutù), ti tó mi. Ká ní páànù lásán ló wà lókè ni, tàbí oòrùn ń kọjú sí fèrèsé, ká lọ 1.5HP, ìyẹn 12,000. 18,000 ni 2HP mi, ti pálọ̀ nìyẹn. Ó ní AC tún máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, òun ló ń kán ní páìpù ẹ̀yìnkùlé, èyí tó bá sì ti ń tètè kú ò ráyè fà á. Mo lọ wo páìpù, omi ibẹ̀ ò tó bu fọ ẹnu.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀, wọn ò pààrọ̀ ẹ̀, ni mo bá gbé e sí pálọ̀, mo wá 1HP inverter sí yàrá. Ìyẹn kì í kú-tan-kú-tan, ṣe ló ń rọra dín eré kù. Bẹ́ẹ̀dì ti gbẹ.

Àwọn tó ń bi mí nípa AC tó tún ń mú yàrá gbóná, l'Ékìtì níbí? Bùláńkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Tó bá ku gbígbóná, ẹ lọ wẹ̀ n'Ìkógòsì.

Ṣọ́ọ̀bù, ìràwọ̀ 2 nínú 5, torí wọ́n tètè gbé e wálé. Baba onítéèpù, 5.