Kóòdù P0171 tó ń padà ṣáá: ká ra sẹ́ńsọ̀ tuntun ni, àbí ká ka fuel trim?

Tí P0171, ìyẹn kóòdù àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń gbé jáde nígbà tí epo bá kéré jù sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, bá ń padà sórí jíìpù tó ń gba ọ̀nà gbágungbàgun, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní kí ẹ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ yẹn lè máa sọ òótọ́: afẹ́fẹ́ pọ̀ jù fún epo tó ń wọlé.

Èmi fara mọ́ kíka fuel trim (iye ìdá ọgọ́rùn-ún tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń fi epo kún tàbí tó fi ń dín in kù) lórí ẹ̀rọ OBD-II, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ ọkọ̀ láti ka kóòdù. Ẹ kà á nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ wà lójú kan láìtẹ pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, kí ẹ tún kà á ní nǹkan bí RPM 2,500 (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Bó bá ga nígbà àkọ́kọ́ tó wá lọ sílẹ̀ ní 2,500, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan; ẹ yẹ àwọn rọ́bà intake (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) wò dáadáa. Bó bá ń ga sí i bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè, ẹ fura sí pọ́ǹpù epo, tàbí MAF (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé) tó dọ̀tí.