Google Docs fún iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ní kíláàsì: ohun tí olùkọ́ Yorùbá kan rí

Ọmọ márùn-ún ló wà nínú ẹgbẹ́, ẹnì kan ló ṣiṣẹ́, orúkọ àwọn márààrún ló wà lẹ́yìn ìwé. Olùkọ́ tó bá ti fún ọmọ ní iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe rí mọ ohun tí mò ń wí. Èyí tó mọ̀wé jù nínú wọn ló máa dá gbogbo ẹrù rù, àwọn yòókù á ra bébà, wọ́n á fi rúlà falà sí i, ó tán. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ máàkì, kí lolùkọ́ fẹ́ rí dì mú? Ìdí tí mo fi gba Google Docs sínú iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìgbàlódé kọ́. SS1 àti SS2 ni mò ń kọ́ ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta, mo sì ti lò ó pẹ́ débi tí mo ti mọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí.

Fún ẹni tí kò tíì lò ó: ìwé ni, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹni tó bá ti ní akáǹtì Google kò san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ààyè 15GB tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, òun àti Gmail àti àwòrán ni wọ́n jọ ń pín in, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán kì í gba ààyè púpọ̀. Èèyàn púpọ̀ lè ṣí ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀ àti orúkọ tiẹ̀, kí wọ́n jọ máa kọ ọ́ lọ.

Ìwé ìròyìn ni mo ní kí àwọn SS2 ṣe. Ìlú wa níbí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde lọ́dún 1859, mo sì sọ fún wọn pé kí àwọn náà ṣe tiwọn. Ẹgbẹ́ kan gba Olúmọ, ẹgbẹ́ kan gba oúnjẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹgbẹ́ kan gba oríkì, ẹgbẹ́ kan sì gba àdìrẹ. Àwọn aládìrẹ yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, torí iṣẹ́ wọn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí Docs lè ṣe gan-an.

Wọ́n lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ní Sátidé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì rí ìyá kan tó ráyè tiwọn. Ìyá ṣàlàyé fún wọn pé oríṣi àdìrẹ kì í ṣe méjì nìkan: ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi láfún tí wọ́n sè ki ṣe ọnà sí lára, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà á tàbí kí wọ́n fà á gba ojú páànù tí wọ́n gé, oníko ni wọ́n ń fi okùn dì, alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rán, alábẹ́là sì ni wọ́n ń yọ́ àbẹ́là sí. Ó fi ọnà Olókun àti Ìbàdàndùn hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n padà délé, tí kálukú bọ́ sórí ìwé, ọ̀kan kọ ọ́ pé ewé èlú ni wọ́n fi ń pa gbogbo àdìrẹ láró. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi àlàyé kan há etí ìlà yẹn: “Ìyá ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n ní kẹ́míkà lọ̀pọ̀ ń lò báyìí, èlú ti dín kù.” Ẹ̀kẹta dá sí i, ó ní kí wọ́n kọ méjèèjì, tàtijọ́ àti tòní. Ìjiyàn yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé títí di òní, mo sì ń kà á lórí fóònù mi nílé. Nínú ìwé kíkọ lásán, èrò ìkẹyìn nìkan ni wọn ì bá gbé wá fún mi, mi ò sì ní mọ̀ pé wọ́n jiyàn rárá.

Ibi tí àwọn tó ṣe Docs ti gba ọkàn mi jù ni ohun tí wọ́n pè ní Version history. Ẹ wọ File lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí i níbẹ̀. Gbogbo àtúnṣe ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, aago àti àwọ̀ ẹni tó ṣe é. Ẹ ó rí ọmọ tó ń kọ̀wé díẹ̀díẹ̀, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ. Ẹ ó sì rí èyí tó lọ gbé odindi ojú-ìwé kan láti ibòmíràn wá, torí gbogbo ẹ̀ á já lu ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí àṣìṣe kan, láìsí ìdádúró kan. Ọmọ tó bá wá sọ pé “Mà, èmi ni mo tẹ gbogbo ẹ̀,” a ò ní jiyàn, a ó jọ ṣí i wò ni. Kìkì pé ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ìwé náà kọ ló lè rí àkọsílẹ̀ yìí. Tí àwọn ọmọ bá fún yín ní líǹkì wíwò lásán, ẹ ní kí wọ́n yí i padà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n pọ́n ọn kọjá bó ṣe yẹ. Ìka ni àkọsílẹ̀ yẹn ń rí, kò rí ẹsẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ aládìrẹ yẹn, ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé òun ló mọ ọ̀nà Ìtòkú, òun ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ìyá sọ̀rọ̀, òun náà ló béèrè ìbéèrè tó dára jù. Àmọ́ kò mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ dáadáa, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí ìwé. Olùkọ́ tó bá fi àwọ̀ nìkan pín máàkì yóò ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ibi. Òfin tí mo ṣe ni pé abẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àlàyé kékeré: ta ló lọ, ta ló béèrè, ta ló tẹ̀ ẹ́. Orúkọ mẹ́ta lè jẹ́ ti ẹnì kan, ó lè jẹ́ ti ẹni mẹ́ta. Èyí ò sí nínú Docs fúnra rẹ̀ o, olùkọ́ ló máa ṣe é.

Àwọ̀ yẹn náà ò wúlò tí àwọn ọmọ bá ń lo akáǹtì kan ṣoṣo. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ò gba fóònù láyè, yàrá kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ sì pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ẹni tó bá dìde gbọ́dọ̀ jáde nínú akáǹtì rẹ̀ kí ẹni tó kàn tó wọlé. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí wọ́n máa ń gbàgbé yìí ló ń jẹ àkókò jù nínú gbogbo ètò náà. Ọjọ́ orí tún ń bẹ: ọmọ tí kò tíì pé 13 kò lè dá akáǹtì Google ṣí fúnra rẹ̀, èyí sì ti yọ ọ̀pọ̀ ọmọ JSS kúrò. Ilé-ẹ̀kọ́ lè gba Google Workspace for Education Fundamentals lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa fún àwọn ọmọ ní akáǹtì, ṣùgbọ́n ó gba kí ẹnì kan nílé-ẹ̀kọ́ jókòó ti iṣẹ́ yẹn. Ẹ má fi akáǹtì bàbá tàbí ìyá ọmọ ṣe é. Lẹ́tà àgbàlagbà wà nínú ẹ̀.

Ti iná àti dátà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kíkọ kì í jẹ dátà, àwòrán ló ń jẹ ẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n fi àwòrán sílẹ̀ di ọjọ́ tó kẹ́yìn. A lè máa kọ ọ́ lọ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó bá sì padà dé, á da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti tan ètò yẹn kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ, lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí kálukú dúró sórí ìpínrọ̀ tiẹ̀. Tí ọmọ méjì bá jọ tún gbólóhùn kan náà ṣe níbi tí wọn ò ti rí ara wọn, ohun tó máa jáde á rí wúruwùru.

Àwa olùkọ́ Yorùbá ní ìyọnu tiwa lọ́tọ̀. Ìlà pupa á fa abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, bí ẹni pé àwọn ọmọ ò mọ nǹkan kan kọ, torí Gẹ̀ẹ́sì ló ń retí. Ẹ lọ sí Tools, ẹ pa àyẹ̀wò sípẹ́lì kí ọkàn àwọn ọmọ lè balẹ̀. Fún àmì ohùn, Gboard, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Google orí fóònù, ní Yorùbá nínú, ó sì rọrùn ju kọ̀ǹpútà lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé ni àwọn ọmọ ti máa ń parí ìyẹn. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ máa ń ṣí ipò nínú àwọn fọ́ǹtì kan. Noto Serif ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, ó ń dúró dáadáa. Ẹni tó bá mọ àmì jù nínú ẹgbẹ́ ni mo máa ń fi sí Suggesting, kó máa dábàá àmì tó yẹ, kí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ gba á tàbí kó kọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àmì ohùn ju ojú pátákó mi lọ, mi ò fi ṣe ìbínú.

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún Docs fún SS, méjì tó kù wà lọ́rùn akáǹtì. Fún JSS, káàdìbọ́ọ̀dù àti gọ́ọ̀mù ṣì ni.

Ní ọjọ́ tí àkókò bá pé, mo máa ń yí gbogbo ọmọ padà sí Viewer, ẹni tó kàn lè wò ó, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé lóru lọ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e jáde ní PDF. Ẹ̀dà kan á lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí lórí WhatsApp, a ó tẹ ìyókù ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́nu géètì. Ẹgbẹ́ aládìrẹ tẹ ẹyọ kan lé e, wọ́n ní ti ìyá Ìtòkú ni.